Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àwòṣe 3D Tú Ìdí Ìjàm̀bá Ilé Ìkẹ́rùsí, Láìjẹ́ Kí Àwòrán Tàn Yín Jẹ

Iṣẹ́ tó ń dójú ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olùwádìí nìyí. Wọ́n gbé fídíò 3D jáde nípa bí táńkì epo ṣe gbiná tàbí bí ilé ìkẹ́rùsí ṣe bú gbàù. Iná ń jó lala, èéfín ń gòkè, gbogbo ẹni tó jókòó ń mi orí. Ẹnì kan wá béèrè pé, "Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ṣí sílẹ̀ lásìkò yẹn?" Ẹnu wọn wọhò. Ẹni tó ya àwòrán ló ṣí ilẹ̀kùn náà, kí èéfín lè rí ibi gbà jáde dáadáa. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó tún gba ìyókù fídíò náà gbọ́, títí kan apá tó jẹ́ òótọ́.

Lójú tèmi, àwòṣe ò wà fún sísọ ìtàn tí ẹ ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wà fún pípa àwọn àbá tí kò bá ẹ̀rí mu. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí tí àbá kankan ò kú, ẹ ò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rí ló ṣáájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e. Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ:

- àwòrán ilé náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an, àti ti àtúnṣe èyíkéyìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà;
- àkọsílẹ̀ ẹrù: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ibi tí wọ́n tò ó sí, irú àpò tàbí dúrọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀;
- àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ táńkì, fáàfù àti agogo ìdágìrì;
- fídíò kámẹ́rà àti ti fóònù, kó jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà;
- àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ láti ibùdó tó sún mọ́ ibẹ̀ jù: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré tó, ibi tó ti ń fẹ́ wá, ìgbóná;
- fọ́tò ibẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.

Ti ẹ̀rọ ò gba owó púpọ̀. FDS (Fire Dynamics Simulator), ètò kọ̀ǹpútà tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà àti VTT ti Finland jọ ń tọ́jú, ni a ó fi ṣe àfarawé (simulation) iná àti èéfín. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Smokeview ló ń fi èsì rẹ̀ hàn. Blender wà fún kíkọ́ ilé àti gbígbé àwòrán jáde, COLMAP tàbí Meshroom wà fún sísọ fọ́tò di àwòṣe 3D, CloudCompare wà fún fífi àwòṣe méjì wé ara wọn, fSpy sì wà fún wíwá ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà tó ní 32 GB ìrántí tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù ni àwọn ènìyàn kì í sábà ní: ìwé orísun. Ẹ ṣí àtẹ kan lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ògiri, ilẹ̀kùn, òpó, páálẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà tó bá máa wọ inú àwòṣe gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀: ibi tí ẹ ti rí i, ẹni tó wọ̀n ọ́n, iye tó lè fi ṣì. Ẹ fi ohun kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú ìsọ̀rí mẹ́ta: a wọ̀n ọ́n, a yọ ọ́ jáde láti inú ẹ̀rí, tàbí a kàn rò ó. Kò sí ohun tó ń wọ inú àwòṣe láìjẹ́ pé ó ti wọ inú ìwé yìí.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó lè pa àbá kọ̀ọ̀kan

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" kì í ṣe ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà lè dáhùn. "Ṣé iná tó bẹ̀rẹ̀ lórí pẹpẹ kejì lè mú agogo òrùlé dún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta?" ni ó lè dáhùn. Ẹ kọ àbá méjì ó kéré tán tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan FDS rárá, ẹ kọ ohun tí ẹ óò rí tó máa fi hàn pé irọ́ ni àbá náà.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ ò bá rí ohunkóhun kọ sábẹ́ àbá kan, ẹ yọ ọ́ kúrò tàbí kí ẹ tún un sọ.

Ìpele 2: Ẹ mú gbogbo aago bára mu

Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ní aago tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ táńkì ní tirẹ̀, fóònù ẹni tó ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí méjì nínú wọn dọ́gba. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré lè sọ ohun tó fa ìjàm̀bá di ohun tí ìjàm̀bá fà.

Ẹ wo ìbúgbàù Buncefield ní England, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Táńkì 912 ń gba epo bẹntiróòlù lóru. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń ka bí epo ṣe ga tó dúró sójú kan, epo sì ń wọlé lọ. Ẹ̀rọ kejì, tó yẹ kó dá epo dúró bó bá ga jù, ò ṣiṣẹ́. Ní 5:38 kámẹ́rà rí ìkùukùu epo tó ga tó mítà kan tó ń ṣàn jáde láti inú ìdènà tó yí táńkì náà ká. Ní 5:46 ó ti ga tó mítà méjì. Ní 6:01 ó bú gbàù. Ẹni tó bá ní irú àkókò báyìí lọ́wọ́ ti ní òṣùwọ̀n tó lè fi dán àfarawé wò: bí ìkùukùu inú kọ̀ǹpútà yín bá lo wákàtí kan kó tó kúrò ní mítà kan dé mítà méjì, nǹkan kan ti ṣì.

Ẹ yan aago kan ṣe olórí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí kámẹ́rà ju ẹyọ kan lọ rí tàbí gbọ́: iná mànàmáná tó lọ lójijì, ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù, agogo ìdágìrì. Ẹ fi ìyẹn so àwọn fídíò pọ̀. Iye tí aago kọ̀ọ̀kan fi yá tàbí fi lọ́ra, inú ìwé orísun ló ń lọ.

*Ẹ ṣọ́ra:* fídíò tó ti gba orí WhatsApp kọjá ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì ti fún un pọ̀. Ẹ tọ ẹni tó ya á lọ fún ojúlówó. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ka àwòrán kí ẹ wá fi 30 pín in. Àkókò tí wọ́n kọ sára àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì ni kí ẹ lò, irinṣẹ́ bíi ffprobe máa tò ó jáde fún yín.

Ohùn náà máa ń wúlò. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù dé ojú kámẹ́rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú fídíò tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 11. Àmọ́ nítòsí ìbúgbàù ńlá, ìgbì rẹ̀ ń sáré ju ohùn lásán lọ, torí náà bí ẹ bá fi 340 ṣírò, jíjìn tí ẹ máa rí máa kéré ju bó ṣe rí lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí kámẹ́rà méjì rí. Ẹ ka àkókò tó wà láàárín wọn nínú fídíò kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ bá ju àwòrán kan tàbí méjì lọ, ẹ padà sẹ́yìn.

Ìpele 3: Ẹ kọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Àwòṣe méjì ni ẹ nílò: bí ibẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn ìjàm̀bá, àti bó ṣe rí ṣáájú. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ máa fi ògiri tó wó lulẹ̀ sí ibi tí iná ti nílò ògiri tó dúró.

Ti ẹ̀yìn ìjàm̀bá, ẹ ya fọ́tò púpọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo èyí tó tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ọ̀pá tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ibẹ̀. Ẹ tún fi àmì sí àwọn ojú ibi kan tí ẹ wọ̀n dáadáa: ẹ lo ìdajì wọn láti so àwòṣe mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìdajì yòókù pamọ́ fún àyẹ̀wò. Nọ́ńbà ibi tí drone kọ sára fọ́tò lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣì, ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Ara ohun tó jó dúdú, irin tó ń dán àti omi tó dúró sílẹ̀ kì í jẹ́ kí fọ́tò di àwòṣe tó dára. Ẹ lẹ àmì mọ́ wọn, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán lésà wọn ibi.

Ti ṣáájú ìjàm̀bá nira jù. Àwòrán oníṣẹ́ ilé máa ń sọ pé ọ̀nà àárín pẹpẹ fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, nígbà tí fọ́tò tí òṣìṣẹ́ kan yà níbi ìpàdé ń fi páálẹ́ẹ̀tì hàn láàárín ọ̀nà náà. Ẹ gba fọ́tò gbọ́ ju àwòrán oníṣẹ́ ilé lọ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ya á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ fọ́kílíìfù ju ọ̀gá lọ, àwọn ló mọ ibi tí ẹrù ń wà ní tòótọ́.

Ẹrù tó wà nítòsí ṣe pàtàkì tó èyí tó kọ́kọ́ gbiná. Ní Tianjin, ní Ṣáínà, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ìwádìí ìjọba fi hàn pé nitrocellulose, kẹ́míkà tó tètè ń gbiná, tó ti gbẹ ló mú ara rẹ̀ gbóná títí tó fi gbiná. Ammonium nitrate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tó wà ní àgbègbè náà ló wá bú gbàù tó burú jù. Àwòṣe tó bá parí síbi tí ẹrù àkọ́kọ́ wà máa pàdánù ìdajì ìtàn náà.

Ẹ má gbàgbé ìta. Ní Buncefield, agbára ìbúgbàù náà ga ju ohun tí àwọn onímọ̀ ń retí lọ fíìfíì, torí ìkùukùu epo ní gbangba ò yẹ kó bú tó bẹ́ẹ̀. Igi àti igbó kéékèèké tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà ni àlàyé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù: bí iná ṣe ń gba àárín ẹ̀ka kọjá ló túbọ̀ ń sáré. Ta ni ì bá ronú pé ó yẹ kí òun ya igi sínú àwòṣe ilé epo? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí ìkùukùu bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń wá ibi tó rẹlẹ̀ bí omi.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọn jíjìn láàárín àwọn àmì tí ẹ fi pamọ́, nínú àwòṣe àti nínú ìwé tí ẹ kọ wọ́n sí. Fún ilé ìkẹ́rùsí, mo máa ń fẹ́ kí ìyàtọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Fún ọgbà táńkì ńlá, ẹ lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ìbéèrè yín bá gbà á.

Ìpele 4: Ẹ wá ibi tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan dúró sí

Nínú fSpy, ẹ fa ìlà sórí àwọn ohun tó gún régé nínú àwòrán fídíò: etí òrùlé, ẹsẹ̀ ògiri, ìlà ojú ọ̀nà. Ó máa ṣírò ojú tí kámẹ́rà fi ń wo ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ sínú Blender, kí ẹ fi àwòrán fídíò náà sẹ́yìn àwòṣe. Bí igun ilé bá bọ́ sórí igun ilé, ẹ ti rí i. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì súùmù láàárín fídíò, apá tó ṣáájú àti apá tó tẹ̀ lé e jẹ́ kámẹ́rà méjì lójú yín.

Òjìji tún wà. Blender lè fi oòrùn sí ipò tó yẹ kó wà ní ọjọ́ àti wákàtí kan. Bí òjìji inú àwòṣe bá dojú kọ ibi tí òjìji inú fídíò ò dojú kọ, yálà aago yín tàbí àríwá yín ló ṣì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú ohun kan tí ẹ ò lò láti to kámẹ́rà, bí òpó iná tó jìnnà. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpele 5: Àfarawé iná

*Ojú àwọ̀n.* FDS ń pín afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sí àpótí kéékèèké, a ó sì máa pè wọ́n ní ojú àwọ̀n. Bí àwọ̀n ẹja ni: ohun tó bá kéré ju ojú rẹ̀ lọ, ó bọ́ nù. Fèrèsé tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè di ògiri lásán nínú àwọ̀n onímítà kan, ilẹ̀kùn onímítà 0.9 sì lè di mítà 1, torí FDS máa ń fa etí ohun gbogbo lọ sí ìlà tó sún mọ́ ọn. Inú Smokeview ni kí ẹ ti wo ilé náà, bí FDS ṣe rí i, kì í ṣe inú Blender.

Báwo ni ojú àwọ̀n ṣe yẹ kó kéré tó? Ẹ ṣírò agbára iná ní kílówáàtì. Ẹ fi 1,110 pín in. Ẹ tẹ bọ́tìnì xʸ lórí ẹ̀rọ ìṣirò, kí ẹ fi 0.4 sí i. Ohun tó jáde ni gígùn kan ní mítà, tí àwọn onímọ̀ ìjàm̀bá iná ń pè ní D*. Ẹ wá fi ìwọ̀n ojú àwọ̀n pín D*: èsì tó wà láàárín 4 sí 16 ni wọ́n sábà máa ń lò, bó bá sì ṣe ga tó ni iṣẹ́ náà ṣe pé tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Adágún bẹntiróòlù róbótó tó fẹ̀ ní mítà 10 ń jó. Epo náà ń jó ní nǹkan bíi kílógíráàmù 0.055 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kílógíráàmù kan sì ń fún wa ní nǹkan bíi mẹ́gájùlù 43.7. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 2,400 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ojú adágún náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 78.5, torí náà agbára iná jẹ́ nǹkan bí 188,000 kílówáàtì. D* jẹ́ nǹkan bíi mítà 7.8. Ojú àwọ̀n onímítà 1 máa fún wa ní 8, onímítà 0.5 máa fún wa ní 16.

Ẹ má sáré lọ sí èyí tó kéré jù. Àyè tó jẹ́ mítà 60 ní gígùn, ní ìbú àti ní òkè máa gba ojú àwọ̀n 1,728,000 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà 0.5. Bí ẹ bá tún gé e sí méjì, iye rẹ̀ máa di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìgbésẹ̀ àkókò, ìyẹn àkókò tó wà láàárín ìṣirò kan sí èkejì, náà máa kúrú sí ìdajì, nítorí náà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa di ìlọ́po 16. Ohun tó bá parí ní alẹ́ kan máa wá gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe onímítà 1, ẹ tún ṣe 0.5, kí ẹ fi èsì méjèèjì wé ara wọn. Bí wọn ò bá yàtọ̀ púpọ̀ lórí ohun tí ẹ ń wá, ẹ dúró síbẹ̀.

*Bí iná ṣe ń dàgbà.* Fún ẹrù lórí pẹpẹ, ẹ má kàn fi agbára tó ga jù sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ ìjàm̀bá iná ní òṣùwọ̀n mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ìdàgbà iná, wọ́n sì ń ka àkókò tó gbà kí iná tó dé nǹkan bíi 1,055 kílówáàtì: èyí tó lọ́ra gba ìṣẹ́jú àáyá 600, èyí tó wà láàárín gba 300, èyí tó yára gba 150, èyí tó yára jù gba 75. Àkọsílẹ̀ ẹrù yín ló máa sọ èyí tó bá a mu. Bí ẹ ò bá lè yan láàárín méjì, ẹ ṣe méjèèjì.

*Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé.* Nínú ilé tí òrùlé bò, ilẹ̀kùn ló sábà ń pinnu bí iná ṣe lè tóbi tó, kì í ṣe ẹrù. Ìṣirò ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ mú ìwọ̀n ojú ilẹ̀kùn ní mítà onígun mẹ́rin, ẹ fi gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi 1,500 sọ ọ́ di púpọ̀. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mítà 4 tó sì ga ní mítà 4 jẹ́ 16 × 2 × 1,500, ìyẹn 48,000 kílówáàtì. Bí ẹ bá kọ iná tó jẹ́ 100,000 sínú ilé tó ní ilẹ̀kùn ẹyọ kan yìí, iná tó kù máa lọ jó ní ìta. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi lè wó gbogbo iṣẹ́. Ẹ rántí òrùlé náà: páànù oníróbà tí wọ́n fi ń gba ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ́, ihò sì ń ṣí láàárín iná. Ẹ fi àkókò sí ṣíṣí rẹ̀, kí ẹ kọ orísun rẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra gan-an:* bí ẹ ò bá sọ ohunkóhun fún FDS, ó máa ka ẹ̀gbẹ́ àyè tí ẹ fún un sí ògiri tó dí pa. Ẹ óò wá máa ṣe àfarawé ọgbà táńkì inú àpótí. Ẹ kọ OPEN sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ìta, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè náà kọjá ẹnu ilẹ̀kùn dáadáa, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà wọlé bó ṣe yẹ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí _hrr.csv. Agbára iná tó wà níbẹ̀ yẹ kó sún mọ́ èyí tí ẹ kọ. Bó bá kéré púpọ̀ nínú ilé, iná ń ṣaláìní afẹ́fẹ́, ìyẹn sì lè jẹ́ òótọ́. Bó bá kéré púpọ̀ ní gbangba, ẹ ti gbàgbé OPEN.

Ìpele 6: Bó bá jẹ́ ìbúgbàù

Wọ́n kọ FDS fún afẹ́fẹ́ àti èéfín tó ń lọ pẹ̀lẹ́. Kò lè ṣe ìgbì ìbúgbàù. Bí ẹ bá rí fídíò ìbúgbàù tí wọ́n ní FDS ló ṣe é, ẹ̀tàn ni. Fún gáàsì tó bú, FLACS ni àwọn iléeṣẹ́ sábà ń lò, owó ni wọ́n fi ń rà á. Fún ohun líle tó bú, blastFoam wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó gba ìmọ̀ púpọ̀.

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣírò. Ní Beirut, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, níbi tí wọ́n kó ammonium nitrate 2,750 tọ́ọ̀nù sí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sheffield mú fídíò tí àwọn ará ìlú yà. Wọ́n wo ìgbà tí ìgbì náà dé ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣírò pé agbára rẹ̀ tó ti nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù TNT (ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń wọn agbára ìbúgbàù), tí kò lè ju nǹkan bí 1,120 lọ. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó, wọn ò sì fi pamọ́.

Ìdí tó fi ń fẹ̀ ni pé agbára náà ń tẹ̀ lé jíjìn × jíjìn × jíjìn. Bí jíjìn tí ẹ wọ̀n bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣì, agbára tí ẹ ṣírò máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì. Ibí ni ìpele 2 àti 4 ti ń gba ẹ̀san.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣírò láti ara fídíò mẹ́ta tó wà ní ibi tó yàtọ̀. Bí ọ̀kan bá ya bàrá, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ìpele 7: Ẹ fi ẹ̀rí pa àbá

Ẹ padà sí ohun tí ẹ kọ ní ìpele 1. Ẹ mú èsì kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹ̀rí tí ẹ ò lò láti kọ́ àwòṣe. Èyí tí ẹ lò tẹ́lẹ̀ ò lè jẹ́rìí fún yín mọ́.

Ibi ìjàm̀bá fúnra rẹ̀ kún fún òṣùwọ̀n ìgbóná. Álúmíníọ́ọ̀mù ń yọ́ ní dígírì 660, bàbà ní nǹkan bíi 1,085. Irin tó ń gbé ilé dúró ń pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ láàárín dígírì 550 sí 600. Bí wáyà bàbà tó wà lókè pẹpẹ kẹrin ò bá yọ́, tí àfarawé yín sọ pé ibẹ̀ dé 1,200 fún ìdajì wákàtí, àbá yẹn ti kú. Fún ìtànṣán ooru, igi sábà ń gbiná ní nǹkan bíi kílówáàtì 12.5 lórí mítà onígun mẹ́rin bí iná bá wà nítòsí láti ràn án. Páálẹ́ẹ̀tì tó jó àti èyí tí kò jó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fa ìlà kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi ìlà yẹn wé ìlà 12.5 inú àfarawé.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí gbogbo ohun tí ìwé orísun pè ní "a kàn rò ó." Ẹ yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan: afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn tó tì, iná tó yára sí i. Èyí tó bá yí ìdáhùn padà ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ wá ẹ̀rí sí. Èyí tí kò yí i padà, ẹ fi sílẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra:* àbá méjì lè là á já. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ nọ́ńbà síwá sẹ́yìn títí tí èyí tó wù ú fi borí ti kúrò nídìí ìwádìí.

Ìpele 8: Fífi hàn

Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sọ òótọ́. Ohun tí ẹ wọ̀n, ẹ fún un ní àwọ̀ tó ki dáadáa. Ohun tí ẹ yọ jáde láti inú ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kó ṣàì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí ẹ kàn rò, ẹ fi ìlà lásán yà á, láìsí ògiri. Ẹ máa rí i pé fídíò náà ò ní rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fi àbá méjì wé ara wọn, òṣùwọ̀n àwọ̀ kan náà ni kí ẹ lò fún méjèèjì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, iná kékeré àti iná ńlá máa pọ́n bákan náà. Ẹ yẹra fún àwọ̀ òṣùmàrè, ó máa ń fa ìlà síbi tí kò sí ìlà.

Bí èéfín ṣe rí nínú fídíò kì í ṣe bí òṣìṣẹ́ ṣe ríran nínú rẹ̀. FDS lè ṣírò bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, àmọ́ nọ́ńbà tó fi ń ṣírò rẹ̀ bí ẹ ò bá yí i padà ni 3, èyí tó wà fún ohun tí ìmọ́lẹ̀ kàn ń tàn sí lára. Àmì ọ̀nà àbájáde tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 8. Nínú èéfín kan náà, àmì tó ń tàn lè hàn láti mítà 8 nígbà tí ilẹ̀kùn lásán ò hàn kọjá mítà 3. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ ìdí tí ẹnì kan ò fi rí ọ̀nà jáde, nọ́ńbà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Awò 3D tí wọ́n ń gbé sójú wúlò fún nǹkan kan pàtó: láti mọ ohun tí ojú ẹnì kan lè rí láti ibi tó dúró sí. Ṣé òṣìṣẹ́ lè ka òṣùwọ̀n táńkì láti ẹnu ọ̀nà? Ẹ gbé kámẹ́rà sí gíga ojú rẹ̀, kí ẹ dín ẹrù àwòṣe kù kó má baà máa fà, torí èyí tó bá ń fà máa ń kọ́ ènìyàn ní òòyì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwòṣe han ẹlẹ́rìí kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti rí i, ẹ ò ní mọ èyí tó rí lọ́jọ́ náà àti èyí tí ẹ fi hàn án.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dá fídíò dúró níbikíbi, kí ẹ tọ́ka sí ohunkóhun tó wà lójú rẹ̀. Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé orísun.

Ìpele 9: Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ẹ kó fáìlì tí ẹ fi ṣe àfarawé, ìwé orísun, fídíò ojúlówó, nọ́ńbà ẹ̀dà (version) FDS tí ẹ lò, àti àwọn àfarawé tó kùnà sínú àpótí kan. Àwọn tó kùnà ló ń fi hàn pé ẹ gbìyànjú láti pa àbá tiyín náà. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, kó ṣe àfarawé tó kéré jù nínú rẹ̀, kó sì fi àwòrán ìlà rẹ̀ wé tiyín. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà FDS ṣáájú ohunkóhun mìíràn.